Ìdí ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò tí lẹ́tà dókítà bá dé

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò wa kan ló jẹ́ kí n kọ eléyìí, wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé wọ́n fẹ́ ṣe colonoscopy fún un, ó rò pé wọ́n fẹ́ gé ìfun òun ni, kò fojú kan oorun mọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, tírú lẹ́tà yẹn bá dé, ẹ wo ìdí ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ibi tó parí sí. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, ibẹ̀ ló ti máa ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú ìfun ńlá, tí wọ́n ń pè ní colon, nìkan. -scopy yẹn wíwò ni, kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa tì wọlé fi wo inú ìfun, wọ́n lè já ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò o, àmọ́ wọn ò ní gé ìfun kúrò. Colectomy lèyí tí wọ́n ti ń gé e, gbogbo ẹ̀ tàbí apá kan, torí -ectomy ni gé e jáde. Colostomy wá yàtọ̀ pátápátá, stoma lédè Gíríìkì ẹnu ni, báwa náà ṣe ń sọ pé ẹnu eéwo, wọ́n á la ẹnu sára ikùn kí ìgbẹ́ máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò. Tẹ́ ẹ bá rí -otomy tí ò ní s, wọ́n kàn fẹ́ la ibẹ̀ ni, bíi laparotomy tí wọ́n fi ń la ikùn. Lẹ́tà s yẹn péré ló ya -ostomy àti -otomy sọ́tọ̀, ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá ń kà á, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

— Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. -itis ńkọ́? Ó pọ̀ nínú ìwé tí mò ń kà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń kọ́.

— Àbúrò mi, ibi tó wú, tó pọ́n, tó ń gbóná, tó ń dunni ni. Arthritis ti oríkèé, hepatitis ti ẹ̀dọ̀, tonsillitis ni bèlúbèlú tá a mọ̀. Má ṣáà rò pé kòkòrò ló ń fa gbogbo ẹ̀. -algia ní tiẹ̀, ìrora nìkan ló ń sọ, kò sọ ohun tó fà á.

— Ẹ jẹ́ n fi -oma kún un, ó ti mú mi sunkún rí. Mo ṣubú, wọ́n kọ haematoma sínú ìwé mi, mo ti ń pe ẹbí káàkiri pé jẹjẹrẹ ni, àṣé ẹ̀jẹ̀ tó sé jọ síbẹ̀ ni. Lipoma, ọ̀rá tó dì ni. Glaucoma, àrùn ojú ni, kì í tiẹ̀ ṣe kókó. Àmọ́ carcinoma, lymphoma, melanoma, jẹjẹrẹ làwọn yẹn, torí náà iwájú ọ̀rọ̀ lẹ máa wò fún ti -oma, kẹ́ ẹ sì bi dókítà.

— Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ photophobia fún ọkọ mi, ẹ̀rù ìmọ́lẹ̀ kọ́ ló kúkú ń bà á, orí ló ń fọ́ ọ.

— Ẹ̀rù ni -phobia lóòótọ́, àmọ́ lọ́wọ́ dókítà, ìmọ́lẹ̀ ń dun ojú ẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Orí fífọ́ túúlu máa ń fà á. Ṣùgbọ́n tí ibà bá wà ńbẹ̀ tí ọrùn ẹ̀ sì le, má dúró dọ̀la, gbé e lọ báyìí, ó lè jẹ́ meningitis, awọ tó bo ọpọlọ ló ń wú yẹn.