Máṣìn láàárín tírélà méjì: ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí gan-an

Ọlọ́kadà, Lọ́kọ́ja

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí ọkọ̀ bá tò dé Nátákò tí kò sún, kò sí onímáṣìn tí yóò dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kó máa fa èéfín símú. Gbogbo wa là ń gba àárín ọkọ̀ kọjá. Ẹni tó bá ní ká má ṣe é rárá kò tíì pàdé gosílóò ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn ará Àbújá bá ń bọ̀ wálé. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi ìwàásù sílẹ̀, kí kálukú sọ ohun tó mọ̀.

Eré ló ń ṣeni ju bí àlàfo ṣe fún lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró pátápátá tí máṣìn ń sá 20 km/h láàárín wọn, tí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn, láàárín ìgbà tí ojú rí i sí ìgbà tí ọwọ́ tẹ bíréèkì, ìyẹn bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, máṣìn ti lọ mítà 5 ààbọ̀. Kó tó wá dúró, ó tún lọ bíi mítà 3. Àpapọ̀ rẹ̀ ò pé 9. Bó bá jẹ́ 40 km/h ni, mítà 11 ti lọ kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, mítà 12 mìíràn á sì lọ kó tó dúró. Ìyẹn gùn tó ọkọ̀ kékeré márùn-ún tó tò tẹ̀lé ara wọn. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó bá ṣí tán sì máa ń yọ síta tó bíi mítà kan, gbogbo àlàfo náà nìyẹn.

Ẹ wo táyà iwájú ọkọ̀, ẹ má gbọ́kàn lé tráfíkétọ̀. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í tàn án, ṣùgbọ́n táyà ò mọ irọ́ pa: kí ọkọ̀ tó yà, á kọ́kọ́ yí. Bí ìlà kan bá dúró gbagidi tí èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sún, àwọn tó wà nínú èyí tó dúró ti ń wá ibi tí wọn yóò gbà já wọ èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti dín eré kù. Àlàfo tí awakọ̀ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, ẹ má rò pé ẹ̀yin ló fi í sílẹ̀ fún. Ẹnìkan ń sọdá níbẹ̀, tàbí ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà fẹ́ yọ, tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá fẹ́ yí padà.

Ẹ má gba apá ọ̀tún bọ́ọ̀sì tó dúró. Lọ́nà tiwa, apá ibẹ̀ ni èrò ń sọ̀ sí, ìyá arúgbó kò ní wo ẹ̀yìn kó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Yanrìn etí ọ̀nà náà tún wà níbẹ̀.

Ọ̀kan tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bí máṣìn mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn gba àárín, ẹni àkọ́kọ́ kì í sábà rí ibi. Awakọ̀ á rí i pé máṣìn ti kọjá, á rò pé ó tán, á yà. Ẹnìkejì ni yóò kó sí i lábẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá 2 wà láàárín yín.

Awakọ̀ tírélà, ọ̀nà Ọ̀bájànà

Ẹ̀yin àbúrò wa onímáṣìn, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí à ń rí láti òkè àti èyí tí a kì í rí. Apá òsì ni awakọ̀ jókòó sí, orí rẹ̀ ga ju òrùlé ọkọ̀ kékeré lọ. Máṣìn tó bá dúró gẹ́lẹ́ níwájú bọ́ńpà kò sí lójú rẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, bákan náà. Ẹ̀yìn tírélà ò ní ojú rárá. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ẹ lè lò ni dígí wa: bí ẹ ò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí, awakọ̀ náà ò rí yín, họ́ọ̀nù yòówù tí ẹ bá ń fọn. Ẹ́ńjìnnì tiwa ń pariwo ju họ́ọ̀nù máṣìn lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ìlà kan lójú ọ̀nà ńlá máa ń fẹ̀ tó mítà 3.65. Tírélà fẹ̀ tó mítà 2.5. Bí tírélà méjì bá dúró sáàárín ìlà wọn gẹ́lẹ́, mítà 1.15 ló kù láàárín wọn. Hándù máṣìn fẹ̀ tó bíi 75 cm. Ó ku 20 cm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ò sì tíì ka dígí, ìkọ́ tí a fi ń so tapólì, okùn tó ń fì, àti nọ́ọ̀tì táyà. Ta ló tiẹ̀ máa ń dúró sáàárín ìlà gẹ́lẹ́? Nígbà tí ihò bá wà lójú ọ̀nà, gbogbo wa là ń yẹ̀ ẹ́, a kì í sì yẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tó ń pani jù ni kọ́nà. Tírélà tó fẹ́ yà sí ọ̀tún, orí rẹ̀ á kọ́kọ́ gba òsì kí ara ẹ̀yìn lè rí àyè. Onímáṣìn á rí ọ̀tún tó ṣí sílẹ̀, á ní Ọlọ́run ló là á fún òun. Ara ẹ̀yìn kì í gba ibi tí orí gbà. Á gé kọ́nà náà kúrú, àlàfo yẹn á sì pa dé. Láàárín táyà orí àti táyà ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń fa máṣìn yọ. Bí orí tírélà bá ti lọ sósì ní oríta, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kó yà tán.

Ẹ tún máa gbọ́ ohùn kan, “pṣííì”. Afẹ́fẹ́ bíréèkì ló ń jáde. Bí ó bá dún nígbà tí ọkọ̀ ti dúró pẹ́, ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ ti fẹ́ ṣí. Lórí òkè, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn díẹ̀ kí jíà tó mú un. Ẹni tó fi táyà iwájú máṣìn kan bọ́ńpà ẹ̀yìn wa, kí ló fẹ́ ṣe? Mítà 3 ni kí ẹ fi sílẹ̀, ó kéré tán.

Ìwúwo náà ńkọ́? Àpò sìmẹ́ńtì 600 tó jẹ́ 50 kg lọ́kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀nù 30 nìyẹn, a ò tíì ka irin. Kò sí bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò ṣe dúró bí ọkọ̀ kékeré. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 2020, táńkà epo kan tí kò ṣeé dá dúró mọ́ gba ojú ọ̀nà Fẹ́lẹ́lẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó pa èèyàn tó lé ní 20, akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn. Nítorí náà, bí gosílóò bá mú yín ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má dúró síwájú táńkà, ẹ má dúró sáàárín méjì. Ẹ bọ́ sí etí ọ̀nà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Mẹkáníìkì, Kàbbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi á sọ ti ara máṣìn, nítorí máṣìn tó dáa fún ọ̀nà Ìyàrà lè má dáa fún àárín ọkọ̀. Bajaj Boxer 100 ni mo ń fojú sùn, torí òun ló pọ̀ jù níhìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n gbé wò ni ọrùn, ibi tí hándù ti ń yí, ẹni tó sì máa ń rántí rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ fi sítáńdì àárín gbé e, kí ẹnìkan tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú gbéra nílẹ̀. Ẹ di ẹsẹ̀ iwájú mú nísàlẹ̀, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá ń dún “kọ́, kọ́”, bọ́ọ̀lù ọrùn ti yọ̀. Bí ẹ bá yí hándù díẹ̀díẹ̀ tó ń há sí ojú kan láàárín, àwo bọ́ọ̀lù ti jẹ kòtò. Ní eré 60 ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Ní eré 10 láàárín ọkọ̀, máṣìn náà kò ní lè lọ tààrà. Á máa ṣe bí ọ̀mùtí, hándù á sì gbá dígí ọlọ́kọ̀. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwo rẹ̀ lápapọ̀, ẹ má pààrọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan.

Tọ́rọ́tù: ẹ ṣí i, ẹ jù ú sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ kíá, yálà hándù kọ sósì ni tàbí sọ́tùn-ún. Wáyà tó ti gbẹ tàbí tó há sábẹ́ táǹkì á dúró ní ìdajì, ẹ ó sì rí i pé máṣìn ń lọ nígbà tí ẹ ti fọwọ́ sílẹ̀. Nínú àlàfo tó jẹ́ mítà kan, bọ́ńpà ni yóò dá a dúró.

Bíréèkì rẹ̀ tiwájú-tẹ̀yìn, onídúrọ́ọ̀mù ni. Ọwọ́ bíréèkì iwájú kò yẹ kó rìn ju 10 sí 20 mìlímítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ti ẹsẹ̀ 20 sí 30. Erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì ọ̀nà Ọ̀bájànà máa ń wọ inú dúrọ́ọ̀mù, ojú ṣúù (ohun tó ń tẹ dúrọ́ọ̀mù kí máṣìn lè dúró) á wá máa dán bíi dígí, á máa dún, kò sì ní mú. Ẹ tú u, ẹ fi ìwé yanrìn ha á, ẹ nu erùpẹ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, erùpẹ̀ ṣúù kì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀, díẹ̀ gan-an, sí irin tó ń yí ṣúù. Bó bá pọ̀, á yọ́ kan ṣúù, bíréèkì tán nìyẹn.

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jìyà gosílóò jù. Lábẹ́ eré 10, jíà kìíní ni, ẹ mú kílọ́ọ̀ṣì dé ìdajì, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀nà jìnnà, ẹ má wo táyà. Bíréèkì iwájú kọ́ ni kí ẹ tẹ̀ nígbà tí hándù bá kọ; máṣìn á ṣubú lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdajì kílọ́ọ̀ṣì yìí bá gùn ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, àwo inú rẹ̀ ń jó. Àmì rẹ̀: ẹ́ńjìnnì ń ké, máṣìn ò lọ. Ẹ fi 2 sí 3 mìlímítà sílẹ̀ ní ìdí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kó má máa fa ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ ò bá sì sún, ẹ pa á. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, afẹ́fẹ́ ò sì sí nínú gosílóò.

Irin tí àwọn wẹ́dà ń jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ láti fi di ẹrù, ẹ wọ̀n ọ́n. Bó bá yọ ju hándù lọ, kò yẹ kí máṣìn yẹn gba àárín ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì tí a so sápá ọ̀tún àti òsì náà fẹ̀ ju hándù lọ. Hándù á ti kọjá, ojú yín á ti kúrò níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì á wá kọ́ bọ́ńpà. Àwọn kan ń tú dígí kúrò kí máṣìn lè tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni, ẹ má bínú. Bí ẹ ò bá fẹ́ kó yọ, ẹ yí i sínú díẹ̀.

Ọmọ Mọ̀pà, Kalifọ́níà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Níhìn-ín, òfin gbà kí máṣìn gba àárín ọkọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2017 ni òfin ti fàyè gbà á kedere ní Kalifọ́níà. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Berkeley yẹ ìjàm̀bá máṣìn tó sún mọ́ 6,000 wò, wọ́n gbé e jáde ní 2015: ewu rẹ̀ ò pọ̀ bí ọkọ̀ tó yí máṣìn ká ò bá sá ju 80 km/h lọ, tí máṣìn náà ò sì fi ju 24 km/h lọ yára jù wọ́n. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ti ń pọ̀ sí i ni àwọn tó fi orí àti àyà gbọgbẹ́ ń pọ̀ sí i. Ìpínlẹ̀ New South Wales ní Ọsirélíà ti gbà á láti 2014, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 30 km/h lọ.

Ọlọ́kadà, Lọ́kọ́ja

Àbúrò, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n 80 yẹn, ti ọ̀nà yín ni. Níbi tí ihò wà, tí ìlà tí wọ́n kùn ti parẹ́, bí ọkọ̀ bá ti kọjá 30, padà sí ìlà rẹ.

Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Orúnkún àti kókósẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kan ọkọ̀. Ẹ ní kí èrò pa orúnkún mọ́ ara yín, kó má ya ẹsẹ̀. Obìnrin tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì ló yọ sí apá kan: ẹ má gbé e gba àárín ọkọ̀. Etí ìró àti gèlè tó ń fẹ́, kó ká a mọ́ra kí ṣéènì má wọ́ ọ.

Láti 2009 ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń béèrè akoto lọ́wọ́ onímáṣìn àti èrò. Èyí tí a kò so okùn rẹ̀ á fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Ìka méjì péré ni kó lè wọ àárín okùn àti àgbọ̀n. Ẹni tó bá sì ṣubú, ẹ má yára já akoto lórí rẹ̀ bó bá ń mí dáadáa, ẹ má sì ká a sórí máṣìn mìíràn láàárín èèyàn méjì. Ọrùn tó ti ṣẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ bà jẹ́ pátápátá.

Onímáṣìn, Ẹ̀gbẹ̀

Ọ̀nà tiwa lọ́hùn-ún kò ní ìlà méjì méjì. Àárín wo la ń gbà?

Ọlọ́kadà, Lọ́kọ́ja

Ìbéèrè gidi. Ní ọ̀nà tó jẹ́ ìlà kan lọ, ìlà kan bọ̀, kò sí àárín ọkọ̀ níbẹ̀. Yíyà sí ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Bí tírélà mẹ́wàá bá tò lọ sí Kàbbà, ẹ ò lè kọjá wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà kan gùn tó mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ń rìn ní 20 tí ẹ̀yin wà ní 40, ẹ ó lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan, a ò tíì ka ìgbà tí ẹ fi yọ àti ìgbà tí ẹ fi padà. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá 3 yẹn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní 80 ti jẹ mítà 66. Ẹ kọjá ọ̀kan, ẹ padà wọlé bí àyè bá wà láàárín rẹ̀ àti èyí tó wà níwájú. Bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn débi pé àyè ò sí, ẹ dúró lẹ́yìn.

Ti òjò àkọ́kọ́ náà: ní ojú ọ̀nà kọnkéré, erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì àti díísù tó ti kán sílẹ̀ á pò pọ̀ di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Àárín ìlà ló máa ń kán sí jù. Ẹ gba ipa táyà ọkọ̀, títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́.

Onímáṣìn, Ẹ̀gbẹ̀

Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́, tí èrò kan bá wà lẹ́yìn?

Mẹkáníìkì, Kàbbà

Iwájú 25 PSI, ẹ̀yìn 32. Bí ẹ bá dá wà, ẹ̀yìn 28. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí táyà tó gbóná.