Èsì lórí “ìsokọ́ra”: kí ni kí a máa pe líǹkì fún àwọn ọlọ́jà wa?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Súrùlérè ló dá a lábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé “ìsokọ́ra” ni kí a máa pe líǹkì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ lójú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò sì gbé e dé ojú ewé mìíràn. Wọ́n ní ọdún 33 ni àwọn fi ka ìròyìn lórí rédíò, wọ́n sì fi “àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà” ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kíka ìròyìn, ọ̀tọ̀ ni ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. N kò sì lè dákẹ́, nítorí pé ìwé ìléwọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Yábà fẹ́ fi kọ́ ara wọn bí oníbàárà ṣe lè rí wọn lórí Google, ọ̀rọ̀ tí a bá sì tẹ̀ síbẹ̀ ni wọn yóò máa lò.

Ẹ jẹ́ kí a tú ìsokọ́ra wò: ì, so, kọ́, ara. “Ara” tó kẹ́yìn yẹn ni ìjà mi dá lé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé “ra” inú “múra” kò béèrè ju ẹnìkan lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n “ra” inú “jọra” àti “fẹ́ra” kò lè dúró láìsí ẹni méjì tí ọ̀kan ń ṣe é sí èkejì, tí èkejì náà sì ń ṣe é padà. Irú èyí ni ó wà nínú “so kọ́ra”. Bí ìwé ìròyìn kan bá kọ nípa ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó sì fi líǹkì sí ojú ewé ìyá náà, ṣé ó di dandan kí ìyá náà so ara rẹ̀ mọ́ ìwé ìròyìn yẹn padà? Ọ̀nà kan ni líǹkì ń lọ. Ibi tí iyì rẹ̀ sì wà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí Larry Page àti Sergey Brin, àwọn tó dá Google sílẹ̀, gbé PageRank jáde ní Yunifásítì Stanford ní 1998, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń pinnu ojú ewé tí yóò lékè nínú àwárí, ohun tí wọ́n dì mú ni pé líǹkì dà bí ẹ̀rí tí ẹlòmíràn jẹ́ nípa ojú ewé kan, àti pé ẹ̀rí ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ́rìí sí wúwo ju ti ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ. Google ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlànà mìíràn kún un láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò kó ti líǹkì dànù. Pàṣípààrọ̀ líǹkì lápọ̀jù, kí n tọ́ka sí ọ kí o tọ́ka sí mi, wà lára ohun tí wọ́n kà sí ẹ̀tàn nínú òfin wọn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni líǹkì tí a fi owó rà torí àtilékè. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́ ọlọ́jà ní “ìsokọ́ra” ti fi mọ́fíìmù kan ṣoṣo, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ bí “ra” yìí, kọ́ ọ ní ohun tí yóò kó bá a.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Ṣómólú ti rí i. Ọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣèlérí ọgọ́rọ̀ọ̀rún líǹkì, ó sì kó wọn wá lóòótọ́: láti ojú ewé àwọn onítẹ́tẹ́ àti ti àwọn tó ń ta ilé ní ilẹ̀ òkèèrè. Oníbàárà kan ṣoṣo kò ti ibẹ̀ wá. Ìjọ kan tó rán aṣọ akọrin fún ni ó kọ gbólóhùn kan sójú ewé wọn pé ẹni tó rán aṣọ akọrin wa nìyí, tí wọ́n fi líǹkì sí i. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìjọ méjì mìíràn ti pè é láti ìlà kan péré yẹn.

Ní ti “ìjápọ̀” tí arákùnrin wa ní Múṣin ń gbèjà, mo gbà pé ó ti pẹ́ lórí Wikipedia Yorùbá, ọ̀pọ̀ ojú sì ti mọ̀ ọ́n. N kò bá àwọn alátakò rẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀sùn pé “já” inú rẹ̀ ni ti okùn tó já. “Já” inú “ọ̀nà yìí já sí ọjà” ni, ohùn òkè kan náà ni àwọn méjèèjì ní, ọ̀rọ̀ tó yí wọn ká ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìṣòro tèmi ni pé bí ojú ewé kan bá ti kúrò nílẹ̀, tí líǹkì rẹ̀ kò gbé ènìyàn débì kankan mọ́, a ó ní “ìjápọ̀ náà ti já”, ẹni tó gbọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ó já sí ibìkan ni tàbí ó já bọ́. “Pọ̀” tó wà nídìí rẹ̀ sì tún ń fa àpapọ̀ tí mo ti bá “ra” jà lé lórí.

Ìjúwe ni mo fara mọ́. Ìdúmọ̀tà ni ìyá mi ti ta òwú àti bọ́tìnnì. Bí oníbàárà bá béèrè aṣọ òfì, wọn kì í nàka lásán. Wọn yóò dìde wá sẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò ní: “Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí yẹn, ẹ ka ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ẹ béèrè ìyá aláṣọ òfì, ẹ ní ìyá olówùú ló ní kí ẹ wá.” Oníbàárà náà yóò dé ọ̀hún pẹ̀lú orúkọ ìyá mi lẹ́nu, a kò sì ní já a jẹ. Ìyá aláṣọ òfì kò jẹ ìyá mi ní gbèsè ìjúwe kankan padà. Ẹ tún wo ohun tí “júwe” gbé dání: ó ń fi ọ̀nà hàn, ó sì ń sọ ohun tí ènìyàn yóò bá níbẹ̀. Google gan-an ń gba àwọn tó ń kọ ojú ewé níyànjú pé kí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò tẹ̀ sọ ohun tó wà níwájú. “Tẹ ibí” kò júwe ohunkóhun. “Aránṣọ akọrin ní Ṣómólú” ti júwe tán. Ẹ má sì sọ fún mi pé “àpèjúwe” ti gba ọ̀nà náà nínú gírámà. “Pè” wà nínú tìyẹn, iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀.

Ẹnìkan tún dá “ìwádìí abẹ́lé” lábàá fún wíwá oníṣẹ́ tó wà nítòsí lórí Google. Ọlọ́pàá ló ń ṣe ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣe é, ọ̀rọ̀ abẹ́lé sì ti di ti ìjọba. Ẹni tó dúró ní Ojúẹlẹ́gba tó ń wá ẹni tí yóò tún bàtà rẹ̀ ṣe kò ṣe ìwádìí kankan. Àwọn àgbà ní àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀: “rí” ti wà nínú wíwá yẹn láti ìpilẹ̀. Mo ní kí a pè é ní àwárí àdúgbò. Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé àwọn ń wò níbẹ̀: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ohun tí a ń wá mu, bí ó ṣe jìnnà tó, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó. Wọ́n ka ìjúwe láti ojú ewé àwọn ẹlòmíràn mọ́ ohun tó ń fúnni ní òkìkí yẹn. Ọ̀fẹ́ ni fífi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì sọ ọ́ gbangba pé kò sí iye tí ènìyàn lè san kí àwọn gbé e sókè nínú àwárí àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n wa ti Súrùlérè kò tíì dá mi lóhùn lórí “ra”. Ọjọ́bọ̀ ni ìwé ìléwọ́ náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Ṣómólú, “ìjúwe” àti “àwárí àdúgbò” ni mo sì kọ sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gbólóhùn kan láti ẹnu ọlọ́jà níbi tí “so kọ́ra” ti jẹ́ ti ẹnìkan péré, kí ó fi ránṣẹ́ kí ó tó di Ọjọ́rú.