Ìwé àtijọ́ fún ìdánwò LPIC-1

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, wọ́n ti tẹ ìwé tí mo fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò LPIC-1 (ìwé-ẹ̀rí fún àwọn tó ń bójú tó Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) kí ẹ̀dà 5.0 ìdánwò náà tó jáde ní ọdún 2018. Ǹjẹ́ mo ṣì lè gbẹ́kẹ̀ lé e?

Èsì kìíní: Ẹ lè lò ó fún àwọn àṣẹ Linux tí kì í sábà yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ SQL (èdè tí a fi ń wá dátà nínú àkójọ dátà) kúrò nínú ìdánwò náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ nípa Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ virtual (kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà dá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn) kún un.

Èsì kejì: Ẹ fi ìlànà 101-500 àti 102-500, ìyẹn ìdánwò méjì tó wà nínú LPIC-1 ẹ̀dà 5.0, yẹ ìwé yín wò.

Èsì kẹta: Ìwé-ẹ̀rí ẹni tó ti yege tẹ́lẹ̀ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ọdún 5 rẹ̀ yóò fi pé.