Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: JSON yìí ju agbára Arduino mi lọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún adágún ẹja bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Arduino Uno ni, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, módẹ́ẹ̀mù GSM (tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù) ló sì fi ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ ní JSON, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ìsọfúnni pẹ̀lú orúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ mú nínú rẹ̀: bí ooru ṣe máa mú tó lọ́la, àti bóyá òjò máa rọ̀. Àmọ́ RAM Uno mi (mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́) ò ju 2 KB lọ, ìròyìn náà sì ju 6 KB. Kó tó kà á dé ìdajì, ẹ̀rọ á kú, á tún tan.

Mo ti gbìyànjú ArduinoJson, kóòdù kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún kíka JSON, pẹ̀lú fílítà rẹ̀ tó ń mú kìkì ohun tí mo fẹ́, kó máa kà á tààrà bó ṣe ń wọlé. Ìyẹn ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já láàárín, tó sì máa ń já gan-an lápá ibẹ̀. Mo wo jsmn náà, kóòdù mìíràn fún kíka JSON. Kóòdù tirẹ̀ kéré gan-an, ṣùgbọ́n odindi ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún un.

Ṣé kí n fọwọ́ ara mi kọ kóòdù tó máa wá orúkọ nǹkan méjèèjì yẹn nínú JSON ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àbí kí n kúkú ra ESP32, pátákó mìíràn tó ní RAM 520 KB? Owó bàbá mi ni, mi ò fẹ́ fi ṣòfò.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.