Àwọ̀ tí èèyàn ń rí nígbà ìbálòpọ̀: orúkọ wo ni ká pè é?

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá. Àwọn tó ní synesthesia (ìyẹn ni kí ìmọ̀lára kan máa jí òmíràn dìde) wà tó jẹ́ pé bí olólùfẹ́ wọn bá fọwọ́ kàn wọ́n, àwọ̀ ni wọ́n ń rí lójú inú. Kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́. Láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, a máa ń bi èèyàn ní àwọ̀ tó rí, a ó tún bi í lẹ́yìn oṣù kan láìsọ tẹ́lẹ̀. “Pupa” ló ń da iṣẹ́ rú: osùn, epo, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, pupa ni gbogbo wọn! Ìdáhùn méjèèjì á wá jọra lórí ìwé, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹni náà sì rí. Ẹ̀yin aláró, yàtọ̀ sí àyìnrín, kí lẹ ń pe aṣọ tí ẹ rẹ láró lẹ́ẹ̀kan, àti èyí tí ẹ rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta?