Ṣé "otútù" ló yẹ ká pè é?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ oògùn bi wá pé kí la ó pe ohun tó ń ṣe eku inú yàrá ìwádìí tí wọ́n bá fún un ní apomorphine, oògùn kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, tí ooru ara rẹ̀ wá já wálẹ̀. Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wọlé ni "otútù". Mi ò fara mọ́ ọn.

Otútù, ohun téèyàn ń mọ̀ lára ni. Ẹni tí ibà bá dé sí lè máa gbọ̀n, kó da aṣọ bora, kó ní otútù ń mú òun, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ń jó bí iná. Ní àsìkò yẹn gan-an, ṣe ni ooru ara rẹ̀ ń gòkè. Ti eku yìí yàtọ̀. Ooru ara rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 37 sí 38 lórí ìwọ̀n Celsius. Tí apomorphine bá wọlé, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ìrù rẹ̀ á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ síbẹ̀, ìrù náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí inú ara ń tutù. Eku kì í làágùn bíi tiwa. Ìrù wà lára ohun tó fi ń lé ooru jáde. Ẹran tí otútù ń mú kì í da ooru rẹ̀ nù báyẹn, ṣe ló ń ká a mọ́ra.

"Ìlọsílẹ̀ ooru ara" ni mo fọwọ́ sí. Ó gùn, àmọ́ ohun tí wọ́n fi òṣùwọ̀n rí ló ń sọ. Kí èkejì rẹ̀ jẹ́ "ìgasókè ooru ara". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ká lo "ìgbóná", torí orúkọ àìsàn letí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń gbọ́ níbẹ̀.

Ní ti orúkọ oògùn fúnra rẹ̀, "oògùn aru-dopamine-sókè" bá amphetamine, oògùn mìíràn, mu, torí ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tú dopamine jáde, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Apomorphine kì í ṣe bẹ́ẹ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sáyè dopamine, tó ń bá a ṣiṣẹ́. Tí haloperidol, oògùn tó ń dènà iṣẹ́ dopamine, bá ti dí àyè yẹn, ooru ara kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ ká pe apomorphine ní "adelé dopamine".

Ẹni tó dábàá "oògùn amáratutù" fún gbogbo oògùn wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un wò. Amphetamine kan náà, tí yàrá bá tutù, ooru ara eku á lọ sílẹ̀. Tí yàrá bá móoru, á ga sókè.