Báwo ni ọmọ á ṣe ya kónílé-ó-gbélé tiẹ̀, tí kò ní ya pátákó ìkéde?

TíṣàKíláàsì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ọmọdé. Àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 8 nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo fẹ́ kí wọ́n ya bí àsìkò yẹn ṣe rí lára wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé téèyàn bá ti ní kí wọ́n ya Kòrónà, ogún ọmọ, àwòrán kan ṣoṣo: bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún, ìbòmú, ọwọ́ lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀. Kí ni kí n bi wọ́n? Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo ní, bébà A4, lẹ́ẹ̀dì àti kíréyọ́nù ló wà nílẹ̀. Báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí kò fi ní bàjẹ́?

Ọlọ́dà: Ìbéèrè yín ló ń bí àwòrán yẹn. Kò sí ọmọ tó fojú ara ẹ̀ rí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún. Alissa Eckert àti Dan Higgins, ayàwòrán ní CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ló yà á níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, bọ́ọ̀lù àwọ̀ eérú, ẹ̀gún pupa, tẹlifíṣọ̀n sì gbé e kiri ayé. (Kòkòrò náà gan-an kò ní àwọ̀ kankan, ó kéré ju ohun tí ìmọ́lẹ̀ lè fi àwọ̀ hàn lára ẹ̀ lọ.) Ẹ ní kí wọ́n ya Kòrónà, ohun tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn wọ́n ni wọ́n yà fún yín.

Ẹ má dárúkọ àrùn rárá. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà. Èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ jù ni ilé tí wọ́n ṣí òrùlé ẹ̀: ẹ lẹ A4 méjì pọ̀ látẹ̀yìn, kí ọmọ ya ilé bí ẹni tó ń wò ó látòkè, yàrá, ilẹ̀kùn, fèrèsé, ibùsùn. Ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀rọ̀ sísọ, 20 fún lẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ìyẹn kí ọmọ fúnra ẹ̀ mú àwọ̀ mẹ́ta: ọ̀kan fún ibi tó ń jókòó sí jù, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ní kó má dé, ọ̀kan fún ibi tó ń sá pamọ́ sí. Ìṣẹ́jú 30 tó fún kíkùn. Ìyókù, ẹ fi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Téèyàn bá ya àpẹẹrẹ sójú pátákó, gbogbo kíláàsì á dà á kọ. Tí írésà bá wà lórí tábìlì, àwọn kan á pa ògiri kan rẹ́ títí àkókò á fi tán; ẹ kó o kúrò. Ọmọ tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé á parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú á sì tì í. Ẹ ní kó ya yàrá kan náà lẹ́ẹ̀mẹta: àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Tiẹ̀ ló sábà máa ń kún jù.

Gbọ́TiỌmọ: Ọlọ́dà ti sọ ọ́ tán lórí yíyà, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀. Ẹ má bi ọmọ pé "kí lèyí?", ìdánwò nìyẹn létí ẹ̀. "Sọ fún mi nípa ẹ̀" ti tó. Ẹ kọ ohun tó bá sọ sẹ́yìn bébà bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ má ṣàtúnṣe gírámà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé dúdú túmọ̀ sí ìbànújẹ́. Ó lè jẹ́ pé dúdú nìkan ló kù nínú páálí. Àwòrán kan ṣoṣo kì í sọ nǹkan. Ohun tó bá ń padà wá nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin la máa ń wò.

Àwọn kan pàdánù èèyàn nígbà yẹn. Ẹ fún gbogbo wọn ní ọ̀nà míì láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi "ọjọ́ kan tó o gbádùn", kó má dà bíi pé ẹ ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fa tiẹ̀ ya, ẹ jẹ́ kó fà á ya. Tó bá wá ń sunkún ṣáá tàbí tí kò sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn, ó kọjá ọwọ́ tíṣà, ẹ pe òbí àti agbaninímọ̀ràn.

Alápamọ́: Mi ò gbà pé kí wọ́n lé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún dànù. Ẹ gé bébà kéékèèké, ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n yà á kó kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ ó rí i pé àwọn kan á fún un ní eyín àti ẹsẹ̀, tiwọn nìyẹn. Àwòrán òṣùmàrè tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní Ítálì ní oṣù kẹta ọdún 2020 náà, ẹnu àgbà ló ti wá, síbẹ̀ àwọn ọmọ sọ ọ́ di tara wọn.

Ní ti ìtọ́jú: ìda ni kíréyọ́nù. Ooru àti ìwúwo máa ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ bébà tó wà lórí ẹ̀, nítorí náà ẹ fi bébà funfun sáàárín ìkọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀, ẹ má ká wọn. Ẹ má láámínéètì! Iná ẹ̀rọ yẹn ń yọ́ ìda, kò sì ṣeé tú mọ́. Sẹ́lótéèpù máa ń pọ́n, ó sì ń jẹ bébà. Gọ́ọ̀mù ìyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ fi lẹ A4 méjèèjì. Lẹ́ẹ̀dì ni kẹ́ ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn torí bírò máa ń là síwájú.

Déètì méjì ni kẹ́ ẹ kọ: ọjọ́ tí wọ́n yà á, àti ìgbà tó ń sọ nípa ẹ̀. Èyí tí wọ́n yà ní 2020 àti èyí tí wọ́n rántí yà kì í ṣe ẹ̀rí kan náà. Ẹ síkáànì ní 300 dpi (ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa hàn kedere tó). Tó bá jẹ́ fóònù, ẹgbẹ́ fèrèsé, láìtan fíláàṣì. Orúkọ ọmọ ò gbọdọ̀ hàn lórí èyí tẹ́ ẹ bá gbé síta, kẹ́ ẹ sì ti gbàyè lọ́wọ́ òbí àti ọmọ náà.

TíṣàKíláàsì: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ tó bá ní òun ò rántí nǹkan kan ńkọ́?

Gbọ́TiỌmọ: Ẹ bi í ní ohùn tó ń gbọ́ nínú ilé, etí máa ń rántí ohun tí ojú ti gbàgbé. Tí kò bá sí, kó ya ohun tí wọ́n sọ fún un nílé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn: "wọ́n sọ fún mi ni".